Òòyì ń kọ́ màmá mi, fóònù tún bọ́ lọ́wọ́ wọn: ṣé etí ni àbí sítíróòkù kékeré?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ni, ẹni ọdún 63, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti bí ọ̀sẹ̀ 3 báyìí, tí wọ́n bá ti yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ní ilé ń yí àwọn, kò ní pẹ́ á lọ. Àmọ́ ní ọjọ́ 4 sẹ́yìn a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ wọn ṣàdédé lọ́ pọ̀, mi ò gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ mọ́, fóònù bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Kò tó ìṣẹ́jú 10 gbogbo ẹ̀ ti lọ. Wọ́n ní òòyì yẹn náà ni, wọn ò lọ ọsibítù kankan. Mo rí fídíò kan tí wọ́n ti ń yí orí èèyàn lórí bẹ́ẹ̀dì kí òòyì lè lọ, ṣé kí n ṣe é fún wọn? Àti pé báwo lẹ ṣe ń mọ òòyì lásán yàtọ̀ sí sítíróòkù kékeré?"

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó yẹ kó ṣáájú, kẹ́ ẹ lè dìde lórí ìjókòó: ẹ gbé màmá lọ ọsibítù lónìí. Lónìí yìí o, kì í ṣe lọ́la, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ráyè. Ìyókù ohun tí mo fẹ́ kọ ò ní sá lọ, ẹ lè kà á níbi tẹ́ ẹ bá ti ń dúró de dókítà.

Ìdí ni pé ohun 2 lẹ kó sínú ìbéèrè 1. Ti orí bẹ́ẹ̀dì yẹn, etí ló jọ, màá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ti fóònù tó bọ́ lọ́wọ́ yẹn, ọpọlọ ló jọ, kò tiẹ̀ sí òòyì kankan nínú bẹ́ ẹ ṣe ròyìn ẹ̀. Màmá ló so méjèèjì pọ̀, mi ò sì bá wọn wí, torí ẹni tó bá ti ní àìsàn kan tó mọ orúkọ ẹ̀, gbogbo nǹkan tó bá ṣe é lẹ́yìn ìgbà yẹn ló máa ń fẹ́ kó sábẹ́ orúkọ yẹn, ó rọrùn fún ọkàn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bá a ṣe ń fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá náà nìyẹn.

Ohun tó máa ń tan gbogbo èèyàn jẹ nínú sítíróòkù kékeré ni pé ó máa ń lọ. Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: ẹ̀jẹ̀ kékeré kan tó ti dì á bọ́ láti inú ọkàn tàbí láti ara iṣan ńlá ọrùn, á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sókè, á lọ há sínú iṣan kan nínú ọpọlọ, ibi tí iṣan yẹn ń bọ́ ò ní rí ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ tí ibẹ̀ ń ṣe á dúró lójú ẹsẹ̀. Ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn, tó bá ti yọ́, ọ̀nà là nìyẹn, ọwọ́ padà, ọ̀rọ̀ padà, èèyàn á ní ọpẹ́ o ó ti lọ. Ọpẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn ti bọ́ wá ṣì wà níbi tó wà, ó sì lè tún sọ òmíràn sókè, èyí tí ò ní yọ́. Pé ọwọ́ ọ̀tún àti ọ̀rọ̀ ẹnu bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe kòńgẹ́ lásán, apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, apá òsì yẹn náà sì ni ọ̀rọ̀ sísọ wà fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa. Ibì kan náà ni wọ́n ti gé iná ilé méjèèjì.

Ọjọ́ 2 àkọ́kọ́ ló léwu jù, ẹ̀yin ti kọjá ìyẹn, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ewu yẹn ò tíì kúrò nílẹ̀, ó ṣì ga ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì máa ń bá èèyàn rìn fún bí oṣù 3. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Oxford, tó jáde lọ́dún 2007, fi hàn pé táwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ bá tètè rí dókítà tó mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn lójú ẹsẹ̀, sítíróòkù tó ń tẹ̀lé e láàárín oṣù 3 yẹn dín kù ní bí ìdá 80 nínú 100. Mi ò mọ oògùn púpọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn. Wọ́n tún máa ń sọ pé tí kò bá tíì tó wákàtí 24 kékeré ni, ẹ má gba ìyẹn gbọ́ mọ́, àlàyé àtijọ́ ni. Ọ̀pọ̀ wọn kì í tó wákàtí 1, tí síkáànì bá sì fi hàn pé ibì kan ti kú nínú ọpọlọ, sítíróòkù gidi là ń pè é kódà tí gbogbo ara bá ti padà sípò.

Ó yá, òòyì wá ńkọ́.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ "òòyì" fúnra ẹ̀. Èèyàn 4 á wọlé, gbogbo wọn á ní òòyì ń kọ́ mi, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú ń sọ. Ilé ló ń yí ẹnì kan bí ìgbà téèyàn bá pòòyì tán tó dúró lójijì, ojú ló ń ṣú ẹlòmíì bí ẹni tó fẹ́ dákú, orí ẹnì kẹta dá ṣáṣá àmọ́ ẹsẹ̀ ni ò gbé e, ẹnì kẹrin ò tiẹ̀ mọ bó ṣe máa sọ ọ́, orí ṣáà ń fò ó. Láti 1972 ni wọ́n ti ń kọ́ àwa dókítà pé ká pín òòyì sí ọ̀nà 4 yìí, ká fi mọ ibi tó ti wá. Èmi náà lò ó fún ọdún mélòó kan, kò bá mi dé ibi kankan, torí tó o bá bi èèyàn kan náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 á ti yí ẹnu padà, ó ní ilé ń yí tẹ́lẹ̀, ó ní orí ń fò báyìí, kì í ṣe pé ó ń parọ́ o, ó ṣòroó sọ ni. Ohun tí mò ń bi wọ́n báyìí ni: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ó máa ń pẹ́ tó, kí lẹ ń ṣe lọ́wọ́ tó fi dé, kí ló sì bá a wá. Èèyàn kì í ṣi ìyẹn sọ púpọ̀.

Ẹ fi bi màmá. Ọ̀sẹ̀ 3, kì í pẹ́, ìgbà tí wọ́n bá yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń dé, tí wọ́n bá dúró jẹ́ẹ́ kò sí nǹkan. Tí wọ́n bá tún sọ fún yín pé ó máa ń dé tí wọ́n bá gbójú sókè láti mú nǹkan lórí pẹpẹ, tàbí tí wọ́n bá tẹ̀ ba láti wọ bàtà, mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé etí ni. Nínú etí lọ́hùn-ún, èérún wẹ́wẹ́ kan wà bí iyanrìn, calcium ni wọ́n fi ṣe é, orí nǹkan kan bí àtẹ́ ló lẹ̀ mọ́, òun ló ń jẹ́ kára mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Tí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, tàbí téèyàn bá fi orí gbá nǹkan, díẹ̀ lára ẹ̀ lè ṣí kúrò, á lọ jábọ́ sínú ọ̀kan lára páìpù róbótó 3 tí omi wà nínú wọn, èyí tó jẹ́ pé yíyí orí ni wọ́n fi ń mọ̀. Èèyàn yí orí, ó ti dúró, iyanrìn yẹn ò tíì dúró, ó ṣì ń yí lọ nínú omi, etí wá ń sọ fún ọpọlọ pé à ń yí o, ojú ń sọ pé a ò yí. Ìjà àwọn méjèèjì yẹn ni òòyì. Nígbà tí iyanrìn bá balẹ̀, ó parí, kì í tó ìṣẹ́jú 1.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ yìí nìyí, pé èyí ṣeé fojú rí. Màá ní kí ẹni náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, màá yí orí ẹ̀ sápá kan díẹ̀, màá wá gbé e dùbúlẹ̀ wìì kí orí fì sẹ́yìn díẹ̀ kọjá etí bẹ́ẹ̀dì, màá ní kó má dijú. Fún bíi sẹ́kọ́ńdì 3, sẹ́kọ́ńdì 5, kò ní sí nǹkan kan, a ó jọ máa wo ara wa. Lójijì ẹyinjú á bẹ̀rẹ̀ sí í já sókè já sókè, á tún máa yí bíi ti aago, ẹni náà á di apá mi mú gírígírí, àwọn kan á kígbe, á le, á rọ̀, á tán. Dókítà 2 kan, Dix àti Hallpike, ló kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí lọ́dún 1952, a ò tíì rí èyí tó dáa jù ú lọ. Tó bá ti jáde bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú ẹ̀ ni èyí tẹ́ ẹ rí nínú fídíò, ti dókítà John Epley ará Amẹ́ríkà, ká máa yí orí díẹ̀díẹ̀ títí iyanrìn á fi padà síbi tó ti wá. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ lọ́wọ́ òòyì lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì téèyàn bá ṣe é fún wọn, láìlo hóró oògùn kan.

Àwọn òòyì tó kù, màá sáré kọjá lórí wọn. Èyí tó bá ń dé tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, tójú ń ṣú, tó bá jókòó padà ó lọ, ẹ̀jẹ̀ ló ń wálẹ̀, ẹ wọn BP wọn ní dídùbúlẹ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìdúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1 àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3, tí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́, ó lè jẹ́ oògùn BP gan-an ló ń ṣe é. Èyí tí etí kan bá ń hó, tó dí bí ẹni pé omi wọ̀ ọ́, tí kò gbọ́ràn dáadáa, tí òòyì wá ń yí èèyàn fún ogún ìṣẹ́jú títí dé wákàtí 12, àìsàn etí tí wọ́n ń pè ní ti Ménière nìyẹn, dókítà Prosper Ménière ló ṣàlàyé ẹ̀ ní Paris lọ́dún 1861, torí kó tó dé, ọpọlọ ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi irú òòyì bẹ́ẹ̀ rù. (Ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, torí lóde òní òdìkejì ẹ̀ là ń ṣe, gbogbo ẹ̀ la fẹ́ di ru etí.) Túúlu náà máa ń mú òòyì wá, kódà lọ́jọ́ tí orí ò fọ́, ẹni tí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo bá ń yọ lẹ́nu kó rántí ìyẹn.

Èyí tó le jù, tó ń dẹ́rù ba èmi fúnra mi, ni òòyì tó ṣàdédé dé tí kò wá lọ mọ́, tó ń yí èèyàn tọ̀sántòru, tó ń bì, tí kò fẹ́ gbé orí. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan tó ń gbé ìròyìn láti etí lọ sí ọpọlọ ló wú lẹ́yìn kòkòrò kan bí ti ọ̀fìnkìn, kò ní pa èèyàn, á rọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n sítíróòkù tó bá ṣe ọpọlọ ẹ̀yìn, èyí tó wà nísàlẹ̀ ìpàkọ́, lè jọ ọ́ bí ìbejì. Nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́, wọ́n gbé bàbá kan wá lóru, òòyì láti àárọ̀, èébì lọ́tùn-ún lósì, apá le, ẹsẹ̀ le, ẹnu ò wọ́, ọ̀rọ̀ já gaara. Mo kọ "etí" sínú ìwé wọn, mo kọ oògùn èébì, mo fẹ́ kọjá lọ. Nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ ju mi lọ fíìfíì ló ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ kí bàbá dìde jókòó ná." A gbé wọn jókòó, a fi wọ́n sílẹ̀, ni wọ́n bá ń wọ́ lọ sápá òsì, wọn ò lè jókòó fúnra wọn láìdi bẹ́ẹ̀dì mú, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń wọ́. Ọpọlọ ẹ̀yìn ni. Láti ọjọ́ náà, kò sí olóòyì tó kúrò níwájú mi láìjẹ́ pé mo rí bó ṣe jókòó àti bó ṣe rìn. Ẹni tí etí ń ṣe lè máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń lè rìn tó bá rí nǹkan dì mú. Ẹni tí kò lè dúró rárá, tí kò lè jókòó láìfi ọwọ́ ti nǹkan, ẹ má jókòó tì í nílé.

Dókítà tó mọ̀ ọ́n tún ní ọgbọ́n mìíràn fún irú òòyì tí kò dúró yìí. Á ní kó o tẹjú mọ́ imú òun, á di orí ẹ mú, á yí i wìì díẹ̀ sápá kan. Tó bá jẹ́ etí ló bàjẹ́, ojú á bá orí lọ, á wá fò padà sórí imú, a máa ń rí fífò yẹn kedere. Tí òòyì bá wá ń yí ẹ lọ́wọ́ tí ojú ò sì fò rárá, tó dúró lórí imú bíi ti ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, ìyẹn gan-an lohun tó ń bà wá lẹ́rù, torí a jẹ́ pé etí ò jẹ̀bi, ọpọlọ ni. Ẹ má dán an wò nílé o, kò wúlò fún òòyì tó ń wá tó ń lọ bíi ti màmá, ó sì lè ba ọrùn èèyàn jẹ́.

Ẹ ti wá rí i pé mi ò lè sọ fún yín pé "òòyì kì í ṣe sítíróòkù", bẹ́ẹ̀ òòyì nìkan tí kò bá nǹkan míì wá kì í sábà jẹ́ ẹ. Ẹgbẹ́ tó kó wá ni kẹ́ ẹ máa wò. Tó bá ń rí nǹkan 1 ní 2, tí ọ̀rọ̀ bá lọ́, tí omi bá ń pá a lórí, tí ojú tàbí apá kan ara bá kú, tí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé ń já a sílẹ̀, tí ìpàkọ́ tàbí ọrùn bá ń dùn ún lọ́nà tí kò dùn ún rí, ọsibítù yá. Kódà etí kan tó ṣàdédé di, tí kò gbọ́ràn mọ́, pẹ̀lú òòyì nínú àgbàlagbà tó ní BP, ẹ má sáré sọ pé etí ni, torí ẹ̀ka iṣan ọpọlọ ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀. Ojú, ẹnu, apá, ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láti wò, ó dáa, àmọ́ ẹ fi ìdúró àti ìríran kún un, torí sítíróòkù ọpọlọ ẹ̀yìn lè má fọwọ́ kan ẹnu rárá.

Sítíróòkù, kékeré àti ńlá, lójijì ló ń dé, ó sì máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn ni, agbára lọ, ìmọ̀lára lọ, ìríran lọ, ọ̀rọ̀ lọ. Túúlu máa ń fi nǹkan kún un ni, ìmọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú, kí ara máa ta ṣíṣí láti ìka lọ sí ọwọ́ lọ sí ẹnu, á máa rìn díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Apá téèyàn sùn lé tí pajápajá mú, tẹ́ ẹ bá gbọn án, á ta á, á padà, ọ̀rọ̀ ò sì ní lọ́ nítorí ẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ tètè wọn ṣúgà ẹ̀, torí ṣúgà tó wálẹ̀ jù lè ṣe bíi sítíróòkù gẹ́lẹ́. Ọwọ́ tí ò ṣiṣẹ́ kì í sì í ṣe kí ó rọ jọwọlọ nìkan o, mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé ohun tó kàn ṣe é ni pé kò lè de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ó ń wo ìka ẹ̀ bí ìka ẹlòmíì.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi sọ fún màmá. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí òòyì bá ti dé BP ló gòkè, wọ́n á wá lo oògùn BP ní ìlọ́po 2. BP gíga kì í sábà ṣe èèyàn ní nǹkan kan tó máa mọ̀, ìdí tó fi burú nìyẹn, òòyì gan-an sì lè mú BP gòkè torí ìbẹ̀rù. Ẹni tí iṣan ọpọlọ ẹ̀ ń dí lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá já BP ẹ̀ wálẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ lẹ dín kù yẹn. Kí wọ́n lo èyí tí wọ́n ń lò, bí wọ́n ṣe ń lò ó. Aspirin náà, ẹ má fún wọn fúnra yín, dókítà ló máa sọ, torí sítíróòkù míì ẹ̀jẹ̀ ló ń ya nínú ọpọlọ, aspirin á dá kún un.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ àlàyé látorí òòyì o, mo bẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá ti ní "òòyì ń kọ́ wọn láti ọ̀sẹ̀ 3", ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ máa dúró sí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu yín ni pé ọwọ́ ọ̀tún wọn kú, ọ̀rọ̀ wọn lọ́, lọ́jọ́ báyìí, ní aago báyìí, fún ìṣẹ́jú báyìí. Fóònù yín á ti kọ aago ìpè yẹn sílẹ̀, ẹ wò ó. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání. Wọ́n á fẹ́ wo ọpọlọ, iṣan ọrùn, ẹ̀jẹ̀, àti bí ọkàn ṣe ń lù, torí ọkàn tó ń lù ségesège máa ń dá ẹ̀jẹ̀ dídì sílẹ̀, ẹni tó ní in kì í sì í mọ̀ nígbà míì. Tí síkáànì CT bá mọ́, ẹ má gbà pé ó parí, CT kì í rí sítíróòkù kékeré dáadáa, síkáànì míì tí wọ́n ń pè ní MRI ló dáa jù, òun náà sì lè ṣì í tó bá jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni.

Tó bá wá tún ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà tàbí nílé, ẹ má dúró wò bóyá á lọ, ẹ pe áńbúláǹsì, ẹ kọ aago tí wọ́n wà dáadáa gbẹ̀yìn sílẹ̀, torí oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, wákàtí 4 ààbọ̀ ni wọ́n sábà fi ń wọ̀n ọ́n láti aago yẹn. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ tàbí omi, ọ̀nà ọ̀fun lè má ṣiṣẹ́.

Fídíò yẹn ńkọ́? Kò burú, òótọ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àmọ́ ẹ má yí orí màmá rárá títí wọ́n á fi wo iṣan ọrùn wọn. Tí wọ́n bá ti wò ó tí wọ́n ní kò sí nǹkan níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n dán ti orí bẹ́ẹ̀dì yẹn wò kí wọ́n tó dá màmá padà wálé, kò gbà ju ìṣẹ́jú 10 lọ, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi han ẹ̀yin náà, kẹ́ ẹ mọ etí tó jẹ́ gan-an, torí tọ̀tún àti tòsì, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ń yí i sí.